Gúlúkóòsì Nínú Oògùn Jẹjẹrẹ

Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn lẹ́yìn ọsibítù rọ gúlúkóòsì sínú kápúsù òfìfo, ó sì tà á ní oògùn jẹjẹrẹ.

Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni.

Aránṣọ kan wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é. Dókítà fi èdè ńláńlá ṣàlàyé. Ohun tó túmọ̀ sí nìyí: sẹ́ẹ̀lì ara a máa rán ara wọn níṣẹ́ pé ẹ pọ̀ sí i, tàbí pé ó tó, ẹ dúró. Nínú ẹ̀jẹ̀ aránṣọ, ìránṣẹ́ kan ti ya wèrè. “Ẹ pọ̀ sí i” nìkan ló ń wí ṣáá. Oògùn ló ń di ẹnu rẹ̀ mú. Oògùn náà le: ojú aránṣọ a máa wú, èébì a máa gbé e.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí lo ti Bọ̀dá Jẹ́jẹ́, tí ojú rẹ̀ kò wú mọ́, tí èébì dáwọ́ dúró, inú wọn dùn nílé. Ọkọ rẹ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá Jẹ́jẹ́.

Kò pẹ́ tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi burú. Dókítà rò pé ìránṣẹ́ wèrè náà ti rí ọ̀nà mìíràn gbà bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èèrà ló tú àṣírí. Ọkọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tò wọnú ike oògùn. Ó já kápúsù kan, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ó dùn.

Nígbà tí ọkọ fẹjọ́ sùn, ọ̀gá ọlọ́pàá obìnrin kan kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú fèrèsé ni Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ gbà jáde. Ó sá wọ ọsibítù, ó fi ìbòmú bo ẹnu, ó jókòó sáàárín àwọn aláìsàn. Ọlọ́pàá ti kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ìyá arúgbó kan tó dì í lọ́wọ́ mú.

“Bọ̀dá Jẹ́jẹ́, ọmọ dáadáa. O ṣeun o. Oògùn ẹ ò da inú mi rú mọ́.”

Ọ̀gá ọlọ́pàá yíjú padà.

“Kí lo rọ sínú ẹ̀?” ló bi í ní àgọ́.

“Gúlúkóòsì, mà. Kò lè pa èèyàn.”

“Àìsàn tó yẹ kí oògùn dá dúró ńkọ́? Ìyẹn ò lè pa èèyàn?”

Ó wolẹ̀. “Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mà.”

“Ìwọ sì ń gbà á.”

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọsibítù wá àwọn yòókù tó ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ kàn, wọ́n fún wọn ní ojúlówó oògùn. Ojú ìyá arúgbó tún wú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń yọ̀. Aránṣọ náà gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn oníbàárà rẹ̀ wá kó aṣọ tí kò tíì rán. Ọkọ rẹ̀ ń dá a padà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yàrá fi ṣófo.