Ọmọ Mi Ló Fi Mí Fọ́kọ

Nígbà tí Fọláhàn kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní Awendjé, àdúgbò kan ní Libreville ní Gàbọ́ọ̀nù, Àpèkẹ́ àbúrò mi ṣì wà láyé. Ìyá Régine tí a jọ ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ṣì wà. Ọkọ mi àkọ́kọ́ nìkan ló ti lọ. Opó ni mí, mo ń se ẹ̀wà tà fáwọn òṣìṣẹ́, èéfín igi tútù sì ń gba omijé lójú mi.

Ọkùnrin kan dúró. Ohùn àwọn Nàgó, àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin, ló fi kí mi.

"Ìyá, ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú. Igi yìí ni ò gbẹ."

"Ẹ má sunkún mọ́. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Àpèkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ ti dé o!"

Lọ́jọ́ kejì ó gbé agolo ọ̀dà kan wá, ó ti lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ó tún ru àpò lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tu jáde níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ó gbé ìgò sáàárín agolo, ó ki lẹ́búlẹ́bú yí i ká, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le. Ó yọ ìgò náà jẹ́jẹ́, ó ṣáná sí i láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀wà jinná, iná ò tíì kú, èmi ò sì fẹ́ná rárá.

"Ẹ jókòó, ẹ jẹun," mo wí.

"Bí mo bá jókòó, mi ò ní dìde mọ́ o, adúmáadán."

Ojú tì mí, àgbàlagbà bíi tèmi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ohun kan ló kù ká tó fẹ́ra. Lọ́dọ̀ àwa mùsùlùmí, bí opó tí bàbá rẹ̀ ti kú bá fẹ́ lọ́kọ, ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti dàgbà ló máa fi í fọ́kọ. Àlùfáà ní láìsí Zulkifli ọmọ mi, òun ò ní so yìgì kankan.

Zulkifli ń gbé létí odò kékeré kan, lẹ́yìn ibi ìlagẹdú. Fọláhàn wọ aṣọ funfun, ó gbé agolo tuntun dání, ó lọ tọrọ mi lọ́wọ́ ọmọ mi. Kó lè dára lójú, lẹ́búlẹ́bú igi padúùkù tó pupa bí osùn ló kì sínú rẹ̀. Bó ṣe ṣáná báyìí, èéfín ta gbogbo wa lójú. Chloé, ọmọ Gàbọ́ọ̀nù tí Zulkifli fẹ́, gbé ọmọ wọn sá síta.

"Bàbá, ẹ wá gba ìyá mi, ẹ tún ń pa mí lẹ́kún!" Zulkifli ń nu ojú. "Kólẹ̀kódọ̀tí igi! Ìyá tó ti ní ọmọ-ọmọ? Rárá o. Ẹ gbé agolo yín."

"Àṣìṣe mi ni," Fọláhàn wí. "Àwọ̀ rẹ̀ ló tàn mí. Lẹ́búlẹ́bú okumé, igi tí kì í rú èéfín, ni ǹ bá lò."

Mo sunkún títí. Mo rò pé ó ti parí.

Àṣé bó ṣe ń jáde, ó ti rí òkìtì lẹ́búlẹ́bú kan lẹ́yìn ilé Zulkifli. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó ń la gẹdú ti ń dà á síbẹ̀. Iná ń jó lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmọ Zulkifli sì ń wúkọ́ nítorí èéfín rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi dúdú á ṣàn láti ibẹ̀ wọ odò. Ẹja ti sá lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Fọláhàn ti kẹ̀kẹ́ bárò débẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn ọmọ mi. Ó da omi síbi tó ń jó, ó sẹ́ èyí tó dára, ó sá a sóòrùn, ó kó o lọ. Àwọn tó ń sin adìẹ wá kó tiwọn láti fi tẹ́ ilé adìẹ. Àwa oníẹ̀wà náà kó tiwa. Oṣù ń kọjá, òkìtì ń rẹlẹ̀. Èéfín tán, ikọ́ ọmọ lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan Chloé pariwo láti etí odò pé òun rí ẹja wẹ́wẹ́.

Zulkifli tó ti ń wo Fọláhàn láti ojú fèrèsé ká ṣòkòtò sókè, ó jáde.

"Bàbá, ẹ fún mi ní ṣọ́bìrì yẹn. Ẹ ti dàgbà."

"Bí mo bá fún ọ, kí lèmi máa wá dì mú?"

"Ọwọ́ ìyá mi."

Lọ́jọ́ yìgì, ọmọ mi jókòó síwájú àlùfáà, ojú ń tì í, ó ní, "Mo fi ìyá mi fún Fọláhàn." Àpèkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbára lé ògiri.

Ọkùnrin yẹn kẹ́ mi. Bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, ó máa ń ki agolo mi sílẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì ló kú, òjò sì ń rọ̀. Wọ́n gbé e dé mọ́sálásí. Ìyekan rẹ̀ kan ò sí ní Libreville. Àlùfáà wo àwùjọ, ó béèrè pé ta ni olóòkú.

Zulkifli bọ́ síwájú.

"Èmi ni."