Ìyá Kòkòrò àti Onípáúdà

Funfun báláú ni ọkùnrin kan wọnú láàbù, láti orí dé bàtà, ó gbé gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dán lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tí gbogbo láàbù ń pè ní Ìyá Kòkòrò, torí kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń sìn, wò ó títí, ẹ̀rín pa á.

"Páúdà ọmọ ìkókó lẹ fi wẹ̀ ni?"

"Páúdà tí mo fi ń dán gíláàsì ni." Ọkùnrin náà gbọn ọwọ́, páúdà náà já sínú ìgò kòkòrò kan tó ṣí sílẹ̀.

"Ẹ ti bá mi ba ìgò jẹ́."

Irọ́ ni. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Ó ti fi ásíìdì fọ gbogbo ìgò náà mọ́ tónítóní débi pé ebi ń pa kòkòrò inú wọn kú. Nígbà tó yá, ìgò tí páúdà já sí nìkan ni kòkòrò kún. Irin kan tí kò wọ́pọ̀, sẹ́ríọ́mù, ló wà nínú páúdà náà. Bíńtín rẹ̀ ni kòkòrò yìí ń wá, kó tó lè sọ sípírítì, irú ọtí kan tí ewé ń tú jáde, di oúnjẹ; ásíìdì sì ti fọ irin náà lọ pátápátá.

Ọmọbìnrin náà lọ dúpẹ́. Ó tún lọ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí ọpẹ́ ṣe ń di nǹkan mìíràn.

Àmọ́ ọkùnrin náà, tí ó ti ń pè ní Onípáúdà, ń wúkọ́, ikọ́ náà kò sì lọ. Dókítà ní páúdà ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sì ṣeé kó jáde. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, mi ò ní fi oyin bò ó: ohun tó mú kòkòrò yè ló ń pa ọkùnrin náà.

"Wá ẹlòmíì, olólùfẹ́ mi," ni Onípáúdà wí.

"Kí n wá máa fi ta ni ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ìyá ọmọbìnrin náà fárígá. "Èmi tí mo ti ṣe opó, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi náà ṣe é. Mi ò ní dé ibi ìgbéyàwó yẹn."

"Màámi, ẹ̀yin àti bàbá mi ò pẹ́ pọ̀. Ṣé ẹ kábàámọ̀ ẹ̀?"



Ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Akọ̀wé ìjọba bi ọkọ ìyàwó bóyá ó gbà. Ó bẹ̀rẹ̀, ikọ́ dá a dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, èémí rẹ̀ kò gbé gbólóhùn náà dópin. Akọ̀wé wo aago. Ìgbà náà ni ìyá ìyàwó wọlé, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ọkùnrin náà, ó gbé e jókòó dáadáa.

"Fara balẹ̀, àna mi," ló wí. "Mí ná. A ò kánjú."