Ojú-Àṣá Kò Rí Àṣìṣe

Ọjọ́ tí Ìyá Aríwo gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kẹta, inú àpò tó fi ń gbé ọ̀bẹ ìdáná ló kó o sí. Bó ṣe fa ìwé jáde ni ọ̀bẹ kan bá a jáde, ó já bọ́ síwájú ọkùnrin kan tó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú bíró pupa lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà wo ọ̀bẹ, ó wo ìyá. "Ṣé bí a bá ní ìwé yín ò dára, ìyẹn lẹ ó fi dá wa lóhùn?"

Ìyá Aríwo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, fèrèsé á máa gbọ̀n, ikùn àti ìdí á sì máa jó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Ẹ má bẹ̀rù, bàbá. Àlùbọ́sà nìkan ló mọ ìkà mi."

Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Alásè ilé ìwé ni, opó ni, ó sì ti di ìyá àgbà. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ ìtàn fún àwọn ọmọ tó bá tò síwájú ìkòkò, kí wọ́n má baà máa ti ara wọn. Ọ̀kan nínú ìtàn náà dàgbà mọ́ ọn lẹ́nu: ti ọmọbìnrin kan tí òjìji rẹ̀ sá lọ sí ìlú kan lábẹ́ odò, tí ọmọ náà sì tẹ̀ lé e. Ìka kan ṣoṣo ló fi tẹ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé ilé ìwé. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní àwọn ò gba ìtàn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ arúgbó. Ìkejì ò tilẹ̀ fèsì.

Ọkùnrin oníbíró pupa yìí ni wọ́n ń pè ní Ojú-Àṣá. Òun ló ń yẹ ìwé wò kí ó tó lọ sórí ẹ̀rọ, àṣìṣe kan ò sì tíì fara pa mọ́ fún un rí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó ka ojú ìwé kìíní lóòró, ó ka ìkejì, ó wá fa àga fún ìyá. Òun náà ló gbé ìwé tọ ọ̀gá lọ, ọ̀gá sì gbà á. Obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò ni ọ̀gá náà.

Níbi iṣẹ́ yìí, ẹnì kan á máa ka ohun tí òǹkọ̀wé kọ sókè, ẹnì kejì á máa fojú bá a lọ nínú èyí tí wọ́n ti tò fún ẹ̀rọ, kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́. Kọ́mà gan-an, wọ́n á pè é. Ìyá Aríwo ní òun ló máa ka ti òun. Bí wọ́n bá ti fọ ìkòkò tán nílé ìwé, ó di ojú fèrèsé tí Ojú-Àṣá ń jókòó sí.

"Ọmọ náà bọ́ bàtà rẹ̀, kọ́mà, ó wọ inú odò, kọ́mà, omi ò sì kàn án lára, ìdánudúró."

"Ẹ dúró ná. Báwo lomi ò ṣe kàn án lára?"

"Ṣé àṣìṣe lẹ rí ni?"

"Rárá o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

"Ẹ ní sùúrù, ọkùnrin. Ẹni tó bá ń ṣí ìkòkò wò ṣáá, ọbẹ̀ rẹ̀ kì í tètè jinná."

Kí oṣù tó parí, "bàbá" ti di "ọkàn mi", "ìyá" ti di "ayọ̀ mi". Ìyá Aríwo á délé, á wo ara rẹ̀ nínú dígí. "Ìwọ tí orúnkún rẹ ń ké bí ilẹ̀kùn, ìfẹ́ lo tún ń ṣe." Lẹ́yìn náà ni á wá àtíkè kiri.

Ọmọbìnrin rẹ̀, nọ́ọ̀sì, kò bá a rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ìtàn òjìji lọ́tùn-ún, ọkùnrin lósì. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún àwọn ẹbí bàbá mi?"

"Sọ fún wọn pé mo ṣì ń mí."

"Ojú ń tì mí, Màmá."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un dé egungun. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn.

Ìwé ku díẹ̀ kó wọ ẹ̀rọ nígbà tí ọ̀gá pè wọ́n. Ó ní ìwé á tà, ṣùgbọ́n ojú arúgbó lẹ́yìn rẹ̀ á lé àwọn ọ̀dọ́ sá. "Ẹ sọ pé ẹ ní ọmọbìnrin. Àwòrán tiẹ̀ la ó fi síbẹ̀, ká ní òun ló kọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa gbé ìwé yín lọ."

Ìyá Aríwo yíjú sí Ojú-Àṣá. Ojú-Àṣá tẹrí ba. "Ayọ̀ mi, ẹ jẹ́ kí ìwé jáde ná. Àwa tá a mọ̀, a mọ̀."

"Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi gbogbo ayé mi bọ́. Èyí tí mo wá bí fúnra mi, ẹ ní kí n fi orí ẹlòmíì lé e lọ́rùn." Ó gbé àpò rẹ̀, ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ rí kọ́mà, ọkàn mi. Ẹ ò rí mi."

Kò yọjú síbẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ohun tí ọ̀gá fẹ́, inú rẹ̀ sì dùn. "Ẹ jẹ́ kí n yá yín lójú mi, Màmá, kí ọ̀rọ̀ yìí tán ńlẹ̀." Ìyá mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó gba ìdáná lọ.

Ọ̀gá ní kí Ojú-Àṣá parí apá tó kù, pé inú ìyá á rọ̀. Ó dá jókòó lójú fèrèsé, ó ń kà á sókè fún àga òfìfo. Nígbà tó parí, ó gbé e fún ọ̀gá. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi pariwo orúkọ rẹ̀.

"Kí lèyí? Ìlà kan tún ara rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí dorí kodò. Bíró pupa ò kan ibì kankan."

Ojú-Àṣá wò ó. Òótọ́ ni. "Ọ̀gá, mo gbàgbé pé iṣẹ́ ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà á mú òjìji rẹ̀ délé."

"Ẹ̀yin? Ẹ fún mi, màá ṣe é fúnra mi."

Ọ̀gá jókòó tì í. Nígbà tí akọ̀wé ilé iṣẹ́ wọlé wá sọ pé àlejò rẹ̀ ti dúró títí, ó ti lọ, ìdérí bíró ṣì wà lórí bíró, ojú ọ̀gá sì ti pọ́n.

"Ẹ lọ pè é wá," ó wí fún Ojú-Àṣá. "Ó yẹ kí àwọn ọmọ rí ojú ẹni tó mọ̀ wọ́n tó báyìí."

Àlùbọ́sà ni Ìyá Aríwo ń gé nígbà tí Ojú-Àṣá dé ìdáná ilé ìwé. Kò gbójú sókè. "Tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ bá wá, ẹ máa gé kárọ́ọ̀tì yẹn bẹ́ ẹ ṣe ń bẹ̀."

Ọkùnrin náà mú ọ̀bẹ. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí ìwé bá bọ́, ẹ ò ní wá sójú fèrèsé mọ́. Mo ṣe ojo." Ó wá ro gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un.

Ìyá Aríwo dáwọ́ dúró. "Ẹ̀yin, ẹ gbójú fo àṣìṣe?"

"Mi ò rí ẹyọ kan."

Inú rẹ̀ dùn dé àtàǹpàkò. Ẹnikẹ́ni ò yìn ín tó báyẹn rí. Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn ìdérí ìkòkò fi dáhùn. "Kárọ́ọ̀tì tí ẹ gé yìí, ewúrẹ́ ò ní bá wa jẹ ẹ́."

"Ẹ fẹ́ mi, kí ẹ lè kọ́ mi."

"Màá fẹ́ yín, ọkàn mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i."

Ìwé jáde. Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ọmọbìnrin kan kọ̀ kí wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́ àfi tóun bá ka ibi tóun dé tán. Nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìyá Aríwo, gba ìwé náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ìyá rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ ìyá yìí."

"Ìyá mi ni." Ó tún un sọ sókè, kí àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ìkángun lè gbọ́. "Ìyá tó bí mi ni."

Kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó fi lọ bá a. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣègbéyàwó?"

"Kí orúnkún mi tó kọ̀ ni."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní kóòtù, akọ̀wé béèrè iṣẹ́ ọkọ, ọkọ dáhùn. Ó béèrè iṣẹ́ ìyàwó. Ìyá Aríwo lanu láti sọ pé alásè, bó ti ń sọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀.

"Òǹkọ̀wé. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."

Akọ̀wé kọ ọ́. Ìyá Aríwo na ọrùn, ó wo ọ̀rọ̀ náà títí, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Ẹ bá mi fi alásè sí i lábẹ́," ó ní, "kí ọkọ mi má baà rò pé ìwé la ó máa jẹ."