Jàmílàt àti Wáyà Tí Kì í Gbóná

Okùn ni wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ náà wọ ṣọ́ọ̀bù Màmúdù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, èéfín sì ṣì ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí wáyà ọkọ̀ bá jó lójú ọ̀nà Èkó sí Bìní, Orè ni wọ́n sábà máa ń wọ́ ọ wá, bí wọ́n bá sì ti dé Orè, àwọn awakọ̀ á ní, "Ẹ gbé e lọ bá Màmúdù ríwáyà." Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń tún iná ọkọ̀ ṣe létí títì náà.

Obìnrin tó ni ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ló wọ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i láyà: Ọláwùnmí. Màmúdù ní kí wọ́n gbé àga fún un, àmọ́ kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ìdí iná iwájú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ta ọkọ̀ yìí fún mi ló so iná ńlá mọ́ wáyà tín-ín-rín."

Inú Màmúdù dùn. Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló ń mọ ibi tí àìsàn ọkọ̀ wọn ti ṣẹ̀.

"Ẹ gbà á, màdáàmù. Ẹrù ló pọ̀ ju ọrùn lọ. Iná ń fipá kọjá, wáyà gbóná, ó jó. Gbogbo wáyà ayé, ìṣe wọn nìyẹn."

"Kì í ṣe gbogbo wọn, Bàbá. Wáyà tí èmi ń bá ṣiṣẹ́ kì í gbóná."

Màmúdù bú sẹ́rìn-ín. "Màdáàmù, ẹ má bínú o. Wáyà tí iná ń gba inú ẹ̀ kọjá tí kò ní gbóná rárá? Ìyẹn ò tíì dé Orè."

"Súpákọ̀ńdọ́tọ̀ ni wọ́n ń sọ, Bàbá."

Jàmílàt ló sọ̀rọ̀. Àkọ́bí Màmúdù ni, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá. Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún àlejò. "Ó wà nínú ìwé físíìsì wa. Ìlà méjì péré ni wọ́n kọ nípa ẹ̀. Mo bi tíṣà wa, wọ́n ní kì í jáde nínú ìdánwò."

Ọláwùnmí gba omi náà, kò mu ún. Ó kàn ń wo ọmọ yìí. "Kí lorúkọ ẹ?"

"Jàmílàt, mà."

"Jàmílàt, ìlà méjì yẹn ni mo ń jẹ."

Ó sọ fún wọn pé ọmọ Agbabu ni òun. Ẹnu ya Màmúdù. "Agbabu tiwa yìí?"

"Agbabu tiwa, Bàbá. Kòkó ni bàbá mi gbìn títí wọ́n fi lọ. Ìyá mi ṣì wà nílé, ilé àdúrà ni ẹ ó ti bá wọn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé wọ́n máa wa ọ̀dà inú ilẹ̀ wa, gbogbo wa á sì là. Mo dúró, dúró, mo rí i pé bí mo bá dúró jù, màá hewú. Mo lọ kàwé."

Bí Màmúdù ti ń bó wáyà tó jó, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ń ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀rọ kan wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ń pè ní ẹmáráì, tó ń ya àwòrán ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn láìfi abẹ kan ara. Mágnẹ́ẹ̀tì ńlá ló wà nínú rẹ̀, wáyà tí wọ́n wé lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló sì di mágnẹ́ẹ̀tì náà.

"Inú híílíọ́mù, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n mú tutù títí tó fi di omi, la rì í sí, Bàbá. Ó tutù débi pé yìnyín inú fíríìjì gbóná jù ú lọ jìnnà. Bí wáyà yẹn bá ti tutù tó bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ń dí iná lọ́nà mọ́. A óò ti iná sí i, a óò pa ẹnu rẹ̀ dé, a óò sì yọ wáyà tó gbé iná wá kúrò. Iná náà á máa yí po nínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún."

Ọwọ́ Màmúdù dúró. "Láìsí bátìrì?"

"Láìsí bátìrì. Ẹ̀rọ tó ń mú un tutù nìkan ló ń jẹ iná."

"Sùbùhánállàhì!" ni Màmúdù wí. Ó wo wáyà dúdú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò rí wáyà rí. Nígbà tó yá, ó ní, "Áà, Jàmílàt, ó dà bíi pé irú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ mú ọ lọ ṣe nìyí."

Ojú Ọláwùnmí yí padà. "Ta ló fẹ́ mú un lọ? Níbo?"

Màmúdù sọ ọ́ bó ti rí. Yunifásítì ni Jàmílàt ń fẹ́, físíìsì ló sì fẹ́ kà. Òun bàbá rẹ̀ ló bi í pé kí ló máa fi físíìsì ṣe, ta ni wọ́n ń gbà sí iṣẹ́ físíìsì. Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà ni Levi ti dé, ọkùnrin kan tó máa ń wá sí gáréèjì. Levi ní iṣẹ́ mágnẹ́ẹ̀tì wà ní Yúróòpù, wọ́n á kọ́ ọmọ náà níbẹ̀, kò nílò ìwé yunifásítì kankan. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbéra, ọkọ̀ ni wọ́n sì máa wọ̀, wọ́n á gba Òkè Ọya kọjá. Ó ti ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni kí aráyé má baà ṣe ìlara. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé yìí gan-an ló fẹ́ wá gba ìwé ẹ̀rí Jàmílàt àti fọ́tò rẹ̀.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín," ni Ọláwùnmí wí jẹ́jẹ́, "ẹ má gbé ìwé ọmọ yìí lé e lọ́wọ́. Ọdún márùn-ún ni mo fi kàwé kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan mágnẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ju mi lọ sì ń ṣọ́ mi. Bí èèyàn ò bá ṣọ́ra níbẹ̀, ó lè pa á. Bí híílíọ́mù yẹn bá tú jáde, á lé gbogbo afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí kúrò nínú yàrá. Ta ló máa kó o lé ẹni tí kò kọ́ ọ lọ́wọ́? Ẹni tí iléeṣẹ́ gidi bá sì fẹ́ gbà, lẹ́tà á wà, físà á wà, kò ní gba aṣálẹ̀ lọ. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n gba ọ̀nà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n tà bí ẹni ta ewúrẹ́."

Hàlímọ̀, ìyá Jàmílàt, ti wá dúró lẹ́yìn wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Òun ló fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Levi jù. Orí táyà ló jókòó sí, ó fọwọ́ lé orí. "Háà! Mo ti ń ṣàdúà fún ọkùnrin yẹn!"

"Kò tíì bàjẹ́, Màmá," ni Ọláwùnmí wí.

Jàmílàt ò sunkún. "Ẹ jẹ́ kó dé," ó ní. "Èmi fúnra mi ni màá bi í."

Kò pẹ́ tí Levi fi sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, fáìlì lábíyá, ẹ̀rín lẹ́nu. "Bàbá Jàmílàt, ṣé gbogbo ẹ̀ ti délẹ̀?"

"Ẹ káàsán, sà," ni Jàmílàt wí. "Mo fẹ́ béèrè nípa iṣẹ́ náà. Kí ni wọ́n máa ń fi mú mágnẹ́ẹ̀tì náà tutù?"

"Tutù kẹ̀? Fáànù ni. Fáànù ńlá ni wọ́n ń lò."

"Fáànù?"

"Tàbí ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n á kọ́ ẹ níbẹ̀."

"Kí lorúkọ iléeṣẹ́ náà, sà?"

"Wọ́n pọ̀."

"Ẹ dárúkọ ọ̀kan."

Levi yíjú sí Màmúdù. "Bàbá, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Màmúdù dìde. Kò ga púpọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó dà bíi pé orí rẹ̀ kan páànù ṣọ́ọ̀bù. "Levi, ọmọ mi ló bi ọ́ léèrè iṣẹ́ tí o ní o mọ̀. Dá a lóhùn."

Levi fa fáìlì rẹ̀ mọ́ra. "Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan ní Ago Alaye ti ṣe tán ní tiwọn." Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Màmúdù àti ìyàwó rẹ̀ wo ara wọn. Ọmọ tiwọn ti yọ, àwọn méjì ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Màdáàmù, ọkọ̀ yín…"

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Ọkọ̀ ò ní sá."

Ago Alaye ni wọ́n gbà lọ lórí ọ̀kadà. Ilé dé ilé ni wọ́n ń béèrè títí wọ́n fi rí àwọn òbí náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ti di báàgì rẹ̀ tán. Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ bínú, ó ní ìlara ni wọ́n ń ṣe. Hàlímọ̀ ló kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un. "Èmi náà gbà á gbọ́," ó ní. "Ẹ kàn béèrè orúkọ iléeṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ." Wọ́n pe Levi lórí fóònù níbẹ̀. Kò rí orúkọ kankan dá. Gbogbo wọn jọ lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n sì mú un.

Nígbà tí Màmúdù padà sí ṣọ́ọ̀bù, iná ọkọ̀ ti ń tàn. Jàmílàt àti Ọláwùnmí ló jọ so ó. Màmúdù yẹ ojú ìsopọ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ní láti tú.

"Bàbá, ọwọ́ ọmọ yín mọ́," ni Ọláwùnmí wí. "Ẹ jẹ́ kó ka físíìsì rẹ̀."

Ó kà á. Ó ṣe ìdánwò Jáǹbù lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ yunifásítì, nítorí máàkì ìgbà àkọ́kọ́ kò tó. Ọdún kẹrin rẹ̀, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ níta, ọ̀dọ̀ Ọláwùnmí ló lọ. Lónìí, ó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè bí mágnẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn bá fẹ́ gbóná. Lọ́dún tó kọjá, òun àti ẹnì méjì mìíràn fi ọjọ́ mẹ́sàn-án mú ọ̀kan tó ti dákẹ́ padà tutù, àwọn aláìsàn tó ti ń dúró sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí àyẹ̀wò ṣe.

Bí àwọn obìnrin ọjà Orè bá bi Hàlímọ̀ pé iṣẹ́ wo gan-an ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á tún ìborùn rẹ̀ dè, á wá ní, "Ẹ̀rọ tó ń wo inú ọpọlọ ni. Bí kò bá tutù, kò ríran. Ọmọ mi ló ń mú un tutù." Kì í yá a lára láti fi mọ síbẹ̀. Á tún sọ pé Odigbó tiwa yìí ni wọ́n ti bí i.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní físíìsì tàbí ìṣirò lòun fẹ́, ẹ má yára ní kò sí iṣẹ́ nídìí rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Iṣẹ́ súpákọ̀ńdọ́tọ̀ wà nílé ìwòsàn, nínú ẹ̀rọ ìwádìí àwọn onímọ̀, nínú wáyà iná mànàmáná àti nínú ọkọ̀ ojú irin tí kì í fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Onífísíìsì ń bẹ níbẹ̀, ẹnjiníà ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wẹ́dà tó dáńtọ́ àti ẹni tó kọ́ iṣẹ́ fíríìjì dójú àmì. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ di ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì mú ṣinṣin, kí ẹ sì wá ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kọ́ ọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí iṣẹ́ òkèèrè fún yín, ẹ béèrè orúkọ iléeṣẹ́, ẹ gba lẹ́tà, ẹ wádìí rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí yín lé àjèjì lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, gbogbo ènìyàn ni kí ẹ sọ ọ́ fún, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá.