Irinwó Gíráàmù Tó Lé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ fóònù lọ́hùn-ún, ẹ gbé e sílẹ̀. Ìwọ tó ò ń jẹ gúgúrú, ẹnu rẹ ń pariwo ju tèmi lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó fetí sílẹ̀. Ẹni tí ò fẹ́, kó dìde kí n ríbi na ẹsẹ̀ sí. Òótọ́ pọ́nńbélé lohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bi òun nípa ẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má bi í.

Baba Oníwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni kó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kó fẹsẹ̀ gun òkè fún ọjọ́ mẹ́rin, kó máa sùn nínú àgọ́. Ṣùgbọ́n eékún ọ̀tún ẹ̀ ti dà á. Dókítà sọ ọ́ fún un láìfọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀: "Kílò méje. Bẹ́ ẹ bá gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ gun òkè, eékún yìí á yẹ̀, ẹ ò sì ní lè fi gun àtẹ̀gùn ilé yín mọ́." Ìyàwó ẹ̀ fi tiẹ̀ lé e: "Bẹ́ ẹ bá tiro wálé lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ẹrù yẹn ni màá fi tọrẹ."

Ló bá fi oṣù mẹ́jọ gbáko ṣa ẹrù. Àgọ́ tó fẹ́lẹ́ bí èépo àlùbọ́sà. Sítóófù tó wọnú àtẹ́lẹwọ́. Ó gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kù sí ìdajì. Ó tú lébẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀wù òjò. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹni tí bàtà ò bù jẹ rí ló ń fi atiro ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, ó wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìwọ̀n ìdáná ìyàwó ẹ̀, títí kan báàgì fúnra ẹ̀. Ó ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ó ku gíráàmù méjì kó pé kílò méje. Inú ẹ̀ dùn. Ó dì wọ́n sínú báàgì, ó gbé e lé ìwọ̀n.

Kílò méje àti irinwó gíráàmù.

Ó tú u palẹ̀. Ó wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò lé. Ó dì wọ́n padà. Irinwó lé.

Ó gbé ṣúgà kílò kan tí wọn ò tíì já lé ìwọ̀n. Kílò kan géérégé. Ìwọ̀n ò purọ́.

Ó bá pe àbúrò ẹ̀. Mẹkáníìkì ni, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń lọ. Ẹ sì jẹ́ kí n là yín lóye: àwàdà kan wà láàárín àwọn tó ń gun òkè. Wọ́n á ki òkúta bọ ìsàlẹ̀ báàgì ẹlòmíì láìjẹ́ kó mọ̀. Onítọ̀hún á gbé e gòkè, á gbé e sọ̀ kalẹ̀, ọjọ́ tó bá délé ló máa tó rí i. Mẹkáníìkì yìí, ọ̀gá ni nídìí ẹ̀.

"Níbo lo tọ́jú ẹ̀ sí?"

"Kí ni, bùrọ̀dá?"

"Òkúta."

"Pẹ̀lú eékún yín yẹn? Mo máa ń ṣàwàdà o, àmọ́ èmi kì í ṣèkà. Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ta ló wá fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ yọ nǹkan díẹ̀ kúrò níbẹ̀, jàre."

Ó yọ ife. Ó yọ ìkòkò kékeré. Ó yọ ẹ̀wù òtútù kan. Gbogbo ohun tó yọ pé irinwó gíráàmù. Ó gbé báàgì padà lé ìwọ̀n.

Kílò méje àti irinwó gíráàmù.

Kò sọ fún ìyàwó ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin ọkọ rere, ẹ máa sọ?

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kùrukùru bolẹ̀. Ẹyẹ ò ké. Ó ní kí àbúrò òun máa lọ níwájú. Ṣé ẹ rò pé ó ń pọ́n ọn lé ni? Ọwọ́ ẹ̀ ló fẹ́ máa wò.

Níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sinmi, ó sọ báàgì kalẹ̀. Báàgì náà mí kanlẹ̀. Hẹẹ̀n. Bí àgbà tó rìn jìnnà tó wá rí àga.

Àbúrò yíjú padà. "Ó ti rẹ̀ yín báyìí?"

"Èmi kọ́."

"Ta wá ni?"

Baba Oníwọ̀n sọ lọ́kàn ẹ̀ pé: o mọ̀ ọ́n díbọ́n, ọmọ ìyá mi.

Nígbà tó tún gbé báàgì kọ́, ó ti wúwo sí i. Èjìká kì í purọ́ fún ẹni tó ni ín. Àbúrò gba àgọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gba sítóófù. Ó gba oúnjẹ. Báàgì rọ, ó sorọ̀, síbẹ̀ ó ń wúwo sí i. Ẹ̀yìn ẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbi tí báàgì ti kàn án, òtútù sì ń mú gbogbo ibi tó kù. Eékún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kẹ́. Kẹ́. Àbúrò ò sì kúrò níwájú ẹ̀ látàárọ̀.

Ilé ìsinmi kan wà níbi tí ọ̀nà ti gba àárín òkè méjì kọjá. Obìnrin kan ló ń tọ́jú ẹ̀. Ó gbé ìwọ̀n kan kọ́ sára òpó níta, òun ló fi ń wọn ìyẹ̀fun. Baba Oníwọ̀n tiro débẹ̀. Ó kó ẹrù tó kù sílẹ̀, ó gbọn báàgì jìgìjìgì. Ìbọ̀sẹ̀ kan jábọ́. Ó yí i sódì, inú bọ́ síta. Òfìfo. Ó gbé e kọ́ ìwọ̀n.

Kílò mọ́kànlá.

"Fi ìyá wa búra."

"Bùrọ̀dá, báàgì òfìfo nìyí! Kí ni mo fẹ́ kì sí i?"

"Mo ní fi ìyá wa búra!"

"Mo fi ìyá wa búra. Ó tẹ́ yín lọ́rùn?" Omi ti lé ròrò lójú ẹ̀. "Láti àná lẹ ti ń wò mí bí olè. Èmi tí mo gbé àgọ́ yín, tí mo gbé oúnjẹ yín. Bẹ́ ẹ bá gbà mí gbọ́, ẹ wí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ń padà sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa dá lọ."

Baba Oníwọ̀n tún wo báàgì. Bí ò bá jẹ́ àbúrò, a jẹ́ pé… Kò fẹ́ ro ìyókù. Látàná ló ti ń gbàdúrà kó jẹ́ òkúta.

Afẹ́fẹ́ dé. Ó ṣí fìlà lórí àbúrò. Ó ń lu aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Báàgì tó fẹ́lẹ́ bí ewé ò mì. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n sún díẹ̀.

Méjìlá.

Obìnrin náà jáde pẹ̀lú àpò ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ó wo ìwọ̀n. Ó wo eékún tó ti wú. Ó wo àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n dúró gbagidi. Ó pòṣé.

"Ẹ bá mi yọ ọ́ níbẹ̀, mo fẹ́ lo ìwọ̀n mi. Tó bá wúwo jù, ẹ jù ú nù. Àbí ọmọ yín ni?"