Ẹni Tí Wọ́n Rán Wá Láti Kùmásí

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sórí páálí nínú oòrùn Aboabo ní Tàmálè, ó ká híjáàbù rẹ̀ aláwọ̀ ewé sẹ́yìn èjìká, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu pílọ́ọ̀gì alùpùpù kan bí ẹni ń fẹ́ná. Ọ́ìlì dúdú ti fa ìlà kan sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Bí Ìkrìmà ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn. Ó gbàgbé pé òun ń làágùn. Ó gbàgbé pé láti ìkóríta lọ́hùn-ún lòun ti ń ti alùpùpù àyálò tó kú mọ́ òun lọ́wọ́.

"Sannu," ó fi Hausa kí i.

"Yawwa." Ọmọbìnrin náà ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ìkrìmà wo àwọn alùpùpù mẹ́rin tó tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó mí kanlẹ̀, ó wá kùn lábẹ́lẹ̀ ní Yorùbá pé, "Olúwa mi, irú ìlú wo ni wọ́n rán mi wá yìí?"

"Ìlú tó gbọ́ Yorùbá ni."

Ojú ti Ìkrìmà. "Ẹ má bínú. Ọ̀gá tó ń tún un ṣe ńkọ́?"

"Ọ̀gá ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e wá."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí alùpùpù. Afẹ́fẹ́ Tàmálè tí kì í jókòó lásìkò ooru já ìwé mẹ́ta gbà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, ó mú un, ó kà á. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Àdéhùn Ìṣọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ wá tà wá."

"Mo wá ṣàlàyé ni, kì í ṣe láti ta ẹnikẹ́ni."

"Tọ̀. Mardiyah lorúkọ mi. Àlájì Sùfíyánù ni bàbá mi."

Ní Kùmásí, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ní kí Ìkrìmà ṣọ́ra fún ní Tàmálè. Orúkọ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yẹn.

Ohun tó gbé e wá ni pé àwọn Yorùbá tó ń gbé káàkiri Ghana ń fẹ́ di ọ̀kan lábẹ́ àjọ kan tí ilé rẹ̀ yóò wà ní Kùmásí. Àjọ náà yóò ní agbẹjọ́rò, yóò kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ, yóò sì máa fi ohùn kan bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ìlú tó bá wọlé yóò gbà kí àjọ máa fọwọ́ sí yíyan olórí rẹ̀, kí àjọ sì máa tọ́jú ìwé ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Ìlú márùn-ún ti dìbò, wọ́n ti gbà. Ó ku Tàmálè, ìparí oṣù ni wọn yóò dìbò tiwọn ní àdúgbò Moshie Zongo.

Ọmọ ọdún méje ni Àlájì Sùfíyánù lọ́dún 1969 tí ìjọba fún àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde kúrò nílẹ̀ Ghana. Bàbá rẹ̀ kó wọn sórí ọkọ̀ ẹrù. Nígbà tí wọ́n padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ẹlòmíràn ló ń gbé ilé wọn. Mọ́ṣáláṣí àti ilẹ̀ ìsìnkú nìkan ló kù, torí pé ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan, ọmọ ìbílẹ̀ Dagomba, ti bá wọn fi ìwé ilẹ̀ wọn pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ. Láti ọjọ́ náà ni Àlájì ti ń sọ pé ìwé ilẹ̀ kì í rìnrìn àjò.

Ó tún un sọ ní ìpàdé àkọ́kọ́, nínú àgbàlá mọ́ṣáláṣí. "Ẹni tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ará ìlú mìíràn, àlejò ni nílé ara rẹ̀."

Bàbá Àbúdúlláhì, tí rédíò kì í kúrò létí rẹ̀, mi orí. "Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà dìbò, wọ́n jáde nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù. Ṣé wọ́n kú?"

"Wọn ò kú," ẹnì kan dáhùn látẹ̀yìn, "ṣùgbọ́n ẹ pe àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún, kí ẹ bi wọ́n bóyá ara tù wọ́n."

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ìkrìmà dìde. Kò mú ìwé lọ́wọ́.

"Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú ìyá bàbá mi lọ́dún tí wọ́n lé wa," ó ní. "Etí ọ̀nà ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, kí wọ́n tó dé ààlà Tógò. Bàbá mi ò mọ ibẹ̀ títí ó fi kú. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló dá ara rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó lè dúró níwájú ìjọba kó ní, 'Mo ń sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn.' Ohun tó jẹ́ kí n gba iṣẹ́ yìí nìyẹn."

Láàárín àwọn obìnrin ni Mardiyah ti dìde.

"Ọlọ́run á forí jì í," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé ẹ̀ka kẹfà àdéhùn yìí. Ó ní àjọ ni yóò máa tọ́jú ìwé ilẹ̀. Níbo ni ìwé náà yóò wà? Níbí ni, àbí Kùmásí?"

Ìkrìmà dá a lóhùn. "Mi ò mọ̀. Màá béèrè."

Ìdáhùn yẹn ló kọ́kọ́ mú Mardiyah lọ́kàn. Kò tíì gbọ́ kí ọkùnrin sọ níwájú igba èèyàn pé òun ò mọ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni alùpùpù Ìkrìmà ti bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Lónìí, ó ní ṣéènì ń pariwo. Lọ́la, ó ní bíréèkì ò mú dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta, Mardiyah gùn ún yí ọjà ká, ó padà wá.

"Ara rẹ̀ le. Ẹ̀yin ni kí n tú wò."

"Ẹ tú mi, ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ohun tó ń dùn mí."

"Yorùbá yín ni yóò kọ́kọ́ dùn mí. Ó dà bí ìrẹsì tí wọn ò ṣà, òkúta Twi kún inú rẹ̀."

"Ẹ bá mi ṣà á nígbà náà."

Ìkrìmà ń bá Mardiyah lọ sí Gumani létí ìlú, níbi tí Àlájì ti ń kọ́ ilé tuntun, tí Mardiyah máa ń lọ wo iṣẹ́ àwọn bíríkìlà lọ́sàn-án. Àǹtí Abibata, àbúrò Àlájì, máa ń bá wọn lọ kí ẹnu ayé má baà tó wọn. Ìkrìmà yóò pọn omi sí páànù iyanrìn, Àǹtí yóò jókòó sábẹ́ igi òrí, yóò ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Ọjọ́ díẹ̀ ló gbà kí "ẹ" tó di "o" láàárín àwọn méjèèjì.

Síbẹ̀ ara kò rọ ẹnì kankan nínú wọn. Mardiyah ń fi nọ́ọ̀tì tí kò bá ẹsẹ̀ alùpùpù mu dè é. Ìkrìmà ń gbàgbé ọ̀rọ̀ láàárín ìwàásù ìṣọ̀kan. Ọjọ́ ìbò ń sún mọ́lé, ooru ń le sí i, òjò sì kọ̀, kò rọ̀.

"Bí mo bá ń báwọn sọ̀rọ̀," Ìkrìmà sọ fún un lọ́jọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì bíríkì, "ojú rẹ ni mo ń wá láàárín èrò. Mardiyah, mo fẹ́ràn rẹ. Ó ti kọjá ohun tí mo lè fi ṣeré."

Mardiyah gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó tún gbọn ọn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ti mọ́.

"Bí ẹ bá borí, ọkàn bàbá mi á bàjẹ́. Bí ẹ bá fìdí rẹmi, wàá padà sí Kùmásí. Èwo nínú méjèèjì ni kí n máa gbàdúrà fún?"

Ìkrìmà ò tíì dáhùn tí wọ́n fi gbọ́ ohùn Àlájì Sùfíyánù lẹ́yìn wọn. Ó ti gbé alùpùpù rẹ̀ sí ìdí igi. Kò pariwo.

"Ẹni tó ń wá ilẹ̀ mi ló tún ń wá ọmọ mi?" ó ní. "Ọmọkùnrin yìí, kí lo fẹ́ kó ṣẹ́kù fún mi?"

Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ní kí Ìkrìmà má tún dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ó bá Àǹtí Abibata náà wí bí ọmọdé.

Ọjọ́bọ̀ ni akọ̀wé àjọ tó pe Ìkrìmà láti Kùmásí lórí ìbéèrè ẹ̀ka kẹfà. "Ọ̀dọ̀ wa níbí ni gbogbo ìwé ń bọ̀," akọ̀wé ní. "Ṣùgbọ́n má ì tíì sọ ọ́. Jẹ́ kí wọ́n dìbò ná, a ó bá wọn sọ̀rọ̀ tó bá yá."

Ìkrìmà rìn ní Aboabo lọ́sàn-án ọjọ́ náà bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀. Ó dé ìdí ilé mọ́ṣáláṣí, ó padà. Ó ra wààkyé, kò lè jẹ ẹ́. Bí ó bá sọ òótọ́, iṣẹ́ lọ. Bí ó bá pa á mọ́, ó ṣeé ṣe kí ìṣọ̀kan tí ó gbà gbọ́ borí, ṣùgbọ́n kò ní lè wo ojú Mardiyah mọ́ láéláé.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dìde ní mọ́ṣáláṣí.

"Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan. Mo ti rí ìdáhùn. Kùmásí ni ìwé ilẹ̀ ń lọ. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín kí ẹ tó dìbò." Ó wo èrò náà yí ká. "Èmi ṣì gbà pé ó yẹ ká wà pọ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ ohun tó ń fi sílẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi pè é pé iṣẹ́ ti tán. Ó kó báàgì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Kùmásí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò yà sí ṣọ́ọ̀bù, torí wọ́n ti ní kó má yà. Ẹnu àwọn oníbàárà ni Mardiyah ti gbọ́ pé ó ti lọ. Ó ń tú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Ó tú u títí, kò rántí bí yóò ṣe tò ó padà.

Lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n dìbò. Igba èèyàn ó lé mọ́kàndínlógún ní Rárá, ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́tàlá ní Bẹ́ẹ̀ni. Wọ́n gbé Àlájì Sùfíyánù sókè, wọ́n ń kígbe. Nígbà tó délé, ó di ọmọ rẹ̀ mú léjìká méjèèjì.

"Ìbò tìrẹ náà wà nínú rẹ̀! Ìwọ lo bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn!"

"Bàbá, Bẹ́ẹ̀ni ni mo dì."

Ọwọ́ Àlájì bọ́ kúrò léjìká rẹ̀.

"Ẹ má bínú," Mardiyah ní, omi ti lé sójú rẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ìwé wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí ju ìyẹn lọ pé ká tún dá wà lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún ní ká máa lọ. Mo rò pé a ṣì lè wọlé tán ká jà fún ìwé wa nínú ilé. Ọkùnrin tó padánù iṣẹ́ rẹ̀ kí a má baà dìbò nínú òkùnkùn, irú rẹ̀ ni mo fẹ́ ká bá wà pọ̀."

Ọjọ́ méjì ni Àlájì kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un ń tutù. Lọ́jọ́ kẹta, Àǹtí Abibata gbé tùwó wọlé, ó jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá bàbá wa tọ́jú ìwé lọ́jọ́sí, ṣé Yorùbá ni?"

"O mọ̀ pé Dagomba ni."

"Ṣé ìbátan wa ni?"

"Rárá."

"Kí ni bàbá wa rí lára rẹ̀ tó fi gbé e fún un?"

Àlájì fa àwo tùwó náà sún mọ́ra. "Olóòótọ́ èèyàn ni," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló pe Mardiyah sí yàrá. "Fóònù rẹ dà? Pe Ìkrìmà. Sọ fún un kó wá bá mi kọ lẹ́tà sí Kùmásí. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan di ìwé rẹ̀ mú, kó yan olórí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ká jọ gba agbẹjọ́rò, ká jọ kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó wọlé. Ìyókù tó bá ní í sọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ìkrìmà dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀. Òun àti Àlájì jókòó ti lẹ́tà náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń jiyàn lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìkrìmà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó tọrọ ọmọ. Àlájì ní kó lọ bi ọmọ fúnra rẹ̀.

Mardiyah ń dúró dè é ní ẹ̀bá ògiri àgbàlá.

"Mi ò ní ti ṣọ́ọ̀bù mi pa o."

"Ta ló ní kí o tì í? Tàmálè ni mo ń bọ̀. Iṣẹ́ wà níbi gbogbo fún ẹni tó bá lè kọ̀wé."

"Ìyá rẹ ní Kùmásí ńkọ́? Mi ò fẹ́ kí o fi ìlú rẹ sílẹ̀ torí tèmi, kó wá di ohun tí wàá máa rántí bí inú bá bí ọ."

"A ó máa lọ kí i, a ó sì máa bọ̀. Ìfẹ́ mi, ṣé o gbà?"

"Bí o bá béèrè ní Yorùbá tí kò ní òkúta."

Ó tún un béèrè. Mardiyah gbà.

Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n so yìgì náà ní Moshie Zongo, òjò ti dé nígbà náà, ilẹ̀ tutù. Kùmásí ò tíì fèsì sí lẹ́tà náà. Láti àárọ̀ ni Mardiyah ti ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá àwọn obìnrin, láàlì pupa lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yọjú lójú fèrèsé, Àǹtí Abibata ń bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Nínú àgbàlá, àlùfáà ní kí Àlájì sọ̀rọ̀ tó kàn án gẹ́gẹ́ bí bàbá ìyàwó. Àlájì di ọwọ́ Ìkrìmà mú.

"Mi ò fi ọmọ mi fún Kùmásí o," Àlájì wí.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ó tàn dé iwájú. Àlájì ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí irùngbọ̀n.

"Ìwọ ni mo fi í fún, Ìkrìmà. Ìwọ gan-an. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí."

Mardiyah gbọ́ ọ lójú fèrèsé. Ó fi ọwọ́ kan ògiri, ó wá ìjókòó, ó sì jókòó.