Búrẹ́dì Tí Widad Yà

Widad ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, níwájú ààrò àdúgbò, ojú Widad àti ojú ọmọ kan ṣe mẹ́rin.

Èrò pọ̀ níbẹ̀, kálukú gbé búrẹ́dì ilé rẹ̀ wá yan lórí pátákó. Pátákó níwájú, pátákó lẹ́yìn. Búrẹ́dì tí kò tíì jinná wà lórí gbogbo wọn, róbótó, pẹlẹbẹ.

Widad kò mọ ọmọ náà rí. Ọmọ náà kò mọ Widad rí. Síbẹ̀ wọ́n ń wo ara wọn, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ìlú Fez.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkàn Widad fò fẹ̀rẹ̀.

"Bóyá ọ̀rẹ́ mi nìyí," ni ó sọ nínú ara rẹ̀.

Bàbá Allal ló ń yan búrẹ́dì gbogbo àdúgbò. Wọ́n nu òógùn ojú wọn.

"Ẹ má tì mí wọ inú iná o," ni wọ́n sọ. "Èmi kì í ṣe búrẹ́dì."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Àyè kékeré kan ṣí sílẹ̀ láàárín èrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà gan-an.

Widad fẹ́ lọ dúró tì í. Ó fẹ́ débẹ̀ kí ẹlòmíràn tó débẹ̀. Ó sáré.

Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá pátákó ọmọ náà.

Gbì.

Búrẹ́dì méjì ṣubú sínú eérú.

Widad rí àmì tó wà lórí wọn. Òrùka kan ni, bí ẹnu ife tíì. Ojú kékeré kan wà láàárín òrùka náà, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ̀ ẹ́.

Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Àmì ni Bàbá Allal fi ń mọ ilé tó ni búrẹ́dì. Ìlà mẹ́ta ni ti ilé Widad. Ṣán, ṣán, ṣán, bí ìlà ẹnu fọ́ọ̀kì.

Ọmọ náà kò ké. Omijé kàn lé ròrò sí i lójú. Ó wo Widad.

Widad wo eérú náà.

Ó gbé pátákó tirẹ̀ kalẹ̀. Ó sá lọ.

Pàtà, pàtà, pàtà.

*

Màmá lọ gbé búrẹ́dì wọn dé. Ó gbóná. Ó ń ta sánsán.

Widad bu díẹ̀. Ó fi kan ọbẹ̀. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu títí.

Màmá ní àwọn ará ilé tuntun tó kó wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi kò rí búrẹ́dì jẹ lónìí. Wọ́n ní ọmọ wọn ló da á nù. Raja ni wọ́n ń pè é.

"Ìyá rẹ̀ àgbà ní kò ní gbé pátákó mọ́," ni Màmá wí. "Ó di ìgbà tó bá dàgbà."

Raja. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Widad wo ìlà mẹ́ta tó wà lórí búrẹ́dì wọn. Kí ni Raja fi bu ọbẹ̀ tirẹ̀ lónìí?

Ó fẹ́ sọ pé, "Èmi ni." Ọ̀rọ̀ náà dúró sí i lọ́fun, bí egungun ẹja.

"Mo ti yó, Màmá," ni ó sọ.

Kò yó.

*

Ní ọjọ́ kejì, Widad lọ sí Ilé Ọmọdé. Àǹtí Nezha ló ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀.

Àwọn àwòrán kéékèèké tò sí ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà. Pẹ́ńsùlù kan. Rọ́bà kan. Korobá ọ̀dà kan. Igo tín-ín-rín kan. Ọfà kan tó tẹ̀ sẹ́yìn.

Àǹtí Nezha ní irinṣẹ́ ìyàwòrán ni gbogbo wọn, kí kálukú mú wọn, kí ó mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní kí kálukú ya ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ilyas, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Widad, ya ológbò. Ológbò náà ní ìrù méjì.

Widad mọ ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀. Ó mú pẹ́ńsùlù.

Ṣíì, ṣíì, ṣíì.

Ó ya róbótó kan. Róbótó náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó mú rọ́bà. Fù, fù, fù. Ibi tó wọ́ pa rẹ́. Ó tún un yà.

Lẹ́yìn náà ó mú korobá ọ̀dà. Ó tẹ inú róbótó náà lẹ́ẹ̀kan.

Tẹ̀.

Yéè. Ọ̀dà náà ya jáde. Ó kún inú róbótó. Ó kún ìta róbótó. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà pọ́n bí ẹrẹ̀.

"Ẹ wá wo omíyalé," ni Ilyas sọ. "Widad ti bo gbogbo wa mọ́lẹ̀."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Widad kò rẹ́rìn-ín.

"Mo tún ti bà á jẹ́," ni ó sọ.

Àǹtí Nezha wá sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi ọfà tó tẹ̀ sẹ́yìn hàn án. Wọ́n ní kí ó tẹ̀ ẹ́.

Tẹ̀.

Ọ̀dà náà lọ. Gbogbo rẹ̀ lọ. Róbótó nìkan ló kù, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Widad wo ọfà náà títí.

"Àǹtí," ni ó sọ. "Ṣé ó lè gba ọjọ́ Sátidé padà?"

Àǹtí Nezha fa àga kan. Wọ́n jókòó tì í.

"Rárá, ọmọ mi. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà nìkan ló lè gbà padà."

Widad wolẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó na ọrùn, ó fi ẹnu kan etí Àǹtí. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti èrò, àti ti ojú tó ṣe mẹ́rin, àti ti àyè kékeré náà. Ó sọ ti gbì. Ó sọ pé òun sá lọ.

Àǹtí Nezha kò bá a wí. Wọ́n bi í léèrè bóyá Raja mọ̀ pé ńṣe ló fẹ́ wá dúró ti òun.

"Kò mọ̀," ni Widad sọ.

"Ìyá rẹ̀ àgbà ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ pé Raja kò jẹ̀bi?"

Widad mi orí. Omi bọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, tó, sórí tábìlì.

"Ó dáa," ni Àǹtí Nezha wí. "Jẹ́ ká parí búrẹ́dì yìí ná."

*

Àǹtí Nezha ní ọ̀dà inú korobá máa ń jò níbi tí ìlà bá ti ṣí sílẹ̀. Wọ́n ní kí Widad wá ibi tó ṣí.

Widad sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó wo òkè. Ó wo ẹ̀gbẹ́. Ó wo ìsàlẹ̀.

Òun rèé. Ihò kékeré, bí ojú abẹ́rẹ́.

Ó fi pẹ́ńsùlù dí i. Ó mú korobá.

Tẹ̀.

Ọ̀dà náà kún inú róbótó. Ó dúró síbẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ẹrẹ̀ ni," ni Ilyas sọ. "Ta ni yóò jẹ ẹrẹ̀?"

Òótọ́ ni. Àwọ̀ náà kò jọ ti búrẹ́dì.

Àǹtí Nezha gbé fọ́tò búrẹ́dì gidi kan sí ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí Widad mú igo tín-ín-rín nì, kí ó fi kan ibi tó pọ́n jù lára búrẹ́dì náà.

Fìììn.

Igo náà fa àwọ̀ mu. Widad gbé àwọ̀ náà lọ sínú korobá. Ó dà á sínú róbótó.

Ilyas gbé imú sókè, bí ẹni tó ń gbóòórùn.

"Ó ti jinná," ni ó sọ.

Ó wá ku àmì. Àǹtí Nezha ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ewé kan, bí ewé ìwé, bo búrẹ́dì náà lójú kọ̀ǹpútà. Ewé náà mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ohun tí a bá yà sórí rẹ̀ kò ní kan búrẹ́dì tó wà lábẹ́.

Widad mú pẹ́ńsùlù. Ọwọ́ rẹ̀ yá.

Ṣán, ṣán, ṣán.

Ó wò ó. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Kò mọ ìdí rẹ̀.

"Bí Bàbá Allal bá rí búrẹ́dì yìí," ni Àǹtí Nezha bi í, "ilé ta ni wọn yóò gbé e lọ?"

Widad ka ìlà náà. Ìlà mẹ́ta.

"Ilé wa," ni ó sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Raja ló ni ín, èmi tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó ṣí ewé náà kúrò. Fúù. Ìlà mẹ́ta bá ewé lọ. Búrẹ́dì náà wà lábẹ́, kò bàjẹ́ rárá.

Wọ́n fi ewé mìíràn bò ó. Widad di ojú. Ó rí eérú. Ó rí búrẹ́dì nínú eérú. Ó rí ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ó la ojú. Ó ya òrùka kan. Ó rọra yà á, kò kánjú. Ó fi ojú kékeré kan sí àárín.

Lábẹ́ rẹ̀ ni Àǹtí Nezha ti ràn án lọ́wọ́, wọ́n ń pe álífábẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ síbẹ̀ kò pọ̀.

*Èmi ni. Má bínú.*

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dún. Gìrì, gìrì, gìrì.

Ìwé jáde. Ó gbóná díẹ̀, bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde. Lẹ́tà Raja nìyẹn. Widad ká a sí méjì. Ó gbé e mọ́ àyà.

*

Ní ọjọ́ Ajé, Widad gbé pátákó lọ sí ààrò. Lẹ́tà náà wà lábẹ́ aṣọ tó bo búrẹ́dì.

Raja wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ló gbé pátákó. Raja kò gbé nǹkan kan. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Widad fi ọwọ́ kan lẹ́tà náà. Èrò ń tì. Ìyá àgbà náà ga, ojú wọn sì le.

Widad fa ọwọ́ padà.

Lẹ́tà náà bá a padà sílé. Ìyẹ̀fun ti kùn ún lára.

Lálẹ́, kó tó sùn, Widad ṣí i wò. Òrùka náà wà níbẹ̀. Ojú kékeré inú rẹ̀ ń wò ó.

*

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Widad tún lọ.

Èrò pọ̀. Pátákó níwájú, pátákó lẹ́yìn. Bàbá Allal ń pariwo pé kí wọ́n tò dáadáa.

Raja àti ìyá rẹ̀ àgbà wà lẹ́bàá ògiri.

Widad gbé pátákó tirẹ̀ kalẹ̀. Ó mú lẹ́tà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sáré. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi." Díẹ̀díẹ̀. "Ẹ ṣé o."

Ó dé iwájú Raja. Ó na lẹ́tà náà sí i.

Raja kò gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn síbẹ̀.

"Kí nìyẹn?" ni ìyá àgbà bi í.

Widad ṣí ìwé náà. Ìyá àgbà kò mọ̀wé kà. Wọ́n kàn wo àwòrán náà, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn.

"Àmì ilé wa nìyí," ni wọ́n sọ. "Ta ló fi hàn ọ́?"

Egungun ẹja nì tún wà lọ́fun Widad. Ó gbé itọ́ mì.

"Mo rí i lórí búrẹ́dì tó ṣubú, Ìyá àgbà. Èmi ni mo gbá a. Raja kọ́ ló da á nù. Èmi ni. Mo wá sá lọ."

Èrò tó wà nítòsí yíjú sí wọn. Bàbá Allal pàápàá dá ọwọ́ dúró.

Ìyá àgbà wo Widad. Wọ́n wo Raja.

"Raja, kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mi ò mọ orúkọ rẹ̀," ni Raja sọ. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ó sì jọ pé ẹ̀rù ń bà á."

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé pátákó náà lé Raja lọ́wọ́.

"Gbé e lọ," ni wọ́n wí. "Rọra."

Raja gbé e. Gbogbo èèyàn yà fún un. Ó ń rìn, pátákó náà kò mì. Ó dé ẹnu ààrò. Bàbá Allal gba búrẹ́dì náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ẹyin.

"Òrùka àti ojú kan," ni Bàbá Allal wí. "Mo ti mọ ilé tó ni ín."

Raja padà wá sọ́dọ̀ Widad. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Kò ká a sẹ́yìn mọ́.

"Widad lorúkọ mi," ni Widad sọ. "Mo fẹ́ wá dúró tì ọ́ ni, lọ́jọ́ yẹn."

Raja wá dúró tì í. Èjìká kan èjìká.

Ojú wọn tún ṣe mẹ́rin.

Raja na ọwọ́ méjèèjì. Widad sì fi lẹ́tà náà sínú wọn.